Ohun tí Awọ Ọwọ́ Ń Sọ

Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú kí ẹ wò wọ́n. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ fi ìka méjì ká awọ ẹ̀yìn ọwọ́ jọ kí ẹ fà á sókè díẹ̀. Awọ tí ó dá ṣáṣá yóò gbéra, yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹ di ìka yín ní ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ sì tún un nà. Ohun kékeré ni èyí lójú ẹni tí ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò lè ṣe é mọ́.

Àìsàn tí ó ń sọ awọ ènìyàn dà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀. Scleroderma ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Inú èdè àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni wọ́n ti mú orúkọ náà: ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí ó le, ọ̀rọ̀ kan fún awọ. Nítorí náà, bí a bá pè é ní àrùn awọ líle, a kò ṣìnà. Èyí tí ó kọjá awọ, tí ó wọ inú ara lọ, ni wọ́n ń pè ní systemic sclerosis, òun gan-an sì ni mo ń bá bọ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, “Àìsàn tí kò wọ́pọ̀ bí ibà, kí ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe?” Òótọ́ ni, kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò wọ́pọ̀ náà ni àwọn ènìyàn fi ń ṣì í mú fún nǹkan mìíràn, tí ọdún fi ń gorí ọdún kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Lára awọ ni a ti máa ń kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára awọ ni ó ti ń pa ènìyàn. Inú ẹ̀dọ̀fóró, inú kíndìnrín àti inú ọkàn ni ó ti ń ṣe èyí. Awọ jẹ́ ìránṣẹ́ tí a rán ṣáájú. Ẹni tí ó bá gbọ́ iṣẹ́ tí ó jẹ́ lè rí ìtọ́jú kí ọ̀ràn tó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi ìpara pa ìránṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́, kò ní mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1753, dókítà kan ní ìlú Naples ní ilẹ̀ Ítálì, Carlo Curzio ni orúkọ rẹ̀, kọ ìwé nípa ọmọbìnrin ọdún 17 kan tí awọ ara rẹ̀ le bí awọ ẹran tí a sá gbẹ, tí kò sì lè la ẹnu rẹ̀ dáadáa. Àwọn oníṣègùn òde òní ń jiyàn bóyá àìsàn tí à ń wí yìí gan-an ni ó ṣe ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìwé náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1862, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Maurice Raynaud, kọ̀wé nípa àwọn tí ìka wọn ń yí àwọ̀ padà nígbà òtútù. Nígbà tí ó yá, àwọn dókítà rí i pé ìka òtútù yìí àti awọ líle sábà máa ń rìn pọ̀.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an? Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣe àpẹẹrẹ. Awọ ewúrẹ́ rọ̀ nígbà tí ó bá tutù. Bí onílù bá nà án sójú igi ìlù, tí ó sì gbẹ, yóò fà, yóò le, yóò sì máa dán. Kò sí ẹni tí ó tún lè fi ìka méjì ká a jọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àìsàn yìí ń ṣe awọ ènìyàn alààyè. Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tí ń bá àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun náà kọjú ìjà sí onílé. Wọ́n ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sì ń há. Wọ́n tún ń ru àwọn òṣìṣẹ́ kan sókè nínú ara, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ran àwọn okùn tín-ín-rín tí ń di ojú ọgbẹ́ pọ̀. Bí ọgbẹ́ bá jinná, ó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn wọ̀nyí kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń ran okùn lé okùn, títí awọ yóò fi nípọn tí yóò sì gan. Ohun kan náà ni wọ́n sì ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró níbi tí ojú kò tó.

Kò sí ẹni tí ó tíì rí gbòǹgbò ohun tí ń mú àwọn ọmọ ogun náà ṣìwà hù. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé obìnrin ni ó ń ṣe jù, pàápàá láàárín ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta. A sì mọ̀ láti inú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà pé àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ máa ń ní in ní kékeré ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, àti pé ó máa ń le lára wọn jù, ní ẹ̀dọ̀fóró pàápàá. Èyí tó láti mú kí àwa aláwọ̀ dúdú fetí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ó ti sábà máa ń yọjú.

Èkínní ni òtútù. Bí ẹni náà bá ki ọwọ́ bọ omi tútù, tàbí tí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí ó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ní ọ́fíìsì, ìka rẹ̀ yóò funfun bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ti tán nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò dúdú bí aró, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá sì padà, yóò pọ́n, yóò máa ta á. Ìdààmú ọkàn pàápàá lè fà á. Lára àwa tí a dúdú, ìyípadà yìí lè má hàn ní ẹ̀yìn ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́, orí ìka àti abẹ́ èékánná ni kí ẹ wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín o: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òtútù ń ṣe báyìí láti kékeré, tí kò sì sí àìsàn kankan lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí ó kọni lóminú ni èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ti dàgbà, tàbí èyí tí egbò tẹ̀ lé.

Èkejì ni wíwú. Àwọn ìka yóò kún ní òwúrọ̀, òrùka tí ó ń wọlé tẹ́lẹ̀ kò ní wọlé mọ́. Àwọn ará ilé yóò wí pé ara ni ó ń sanra. Awọ náà sì lè máa yún ẹni náà gidigidi.

Ẹ̀kẹta ni líle fúnra rẹ̀. Wíwú náà yóò lọ, ṣùgbọ́n awọ kò ní padà bí ti tẹ́lẹ̀. Yóò lẹ̀ mọ́ egungun, ìlà orí oríkèé yóò parẹ́, irun ibẹ̀ yóò re, òógùn kò ní jáde níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìka yóò tẹ̀ bí èékánná àṣá, wọn kò ní lè nà tán, wọn kò sì ní lè di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tí ń fi ọwọ́ jẹun: láti fi ọwọ́ gé òkèlè, láti so ìró, láti di irun ọmọ, láti de bọ́tìnnì. Àwọn dókítà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn líle yìí. Wọn yóò fi ìka ká awọ jọ ní ojú ibi 17 lára, wọn yóò fún ibi kọ̀ọ̀kan ní òdo títí dé 3, nítorí náà èyí tí ó le jù kò lè ju 51 lọ. Ọwọ́ àti ojú lásán ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ̀kẹrin ni ojú. Ìhunjọ iwájú orí yóò nà, ẹni náà yóò dà bí ẹni tí ó kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀. Imú yóò tín-ín-rín. Ètè yóò fẹ́lẹ́, ẹnu yóò kéré, àwọn ìlà yóò sì yí i ká bí ẹnu àpò tí a fi okùn fà pọ̀. Yóò ṣòro fún un láti la ẹnu gba ṣíbí tàbí fún dókítà eyín láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ kò ní hàn mọ́ lójú, àwọn ènìyàn yóò sì rò pé ó ń bínú.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọ̀ ara, èyí ni ó sì kàn wá jù, nítorí pé lára àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ti ń hàn jù. Àwọ̀ ara lè dúdú sí i bí ẹni tí oòrùn pa. Níbòmíràn, ní etí irun, ní iwájú orí, ní àyà, ní òkè ẹ̀yìn, àwọ̀ náà yóò ṣí, yóò funfun, ṣùgbọ́n ìdí irun kọ̀ọ̀kan yóò ṣì dúdú. Gbogbo yín ni ẹ mọ ẹyẹ ẹtù: dúdú ni ara rẹ̀, tó-tò-tó funfun ni ó bò ó. Èyí jẹ́ òdìkejì ẹtù: funfun ni ilẹ̀ rẹ̀, tó-tò-tó dúdú ni ó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lára ẹni tí ìka rẹ̀ ń le, ẹ má ṣe wá ìpara tí ń bó awọ láti fi mú un dọ́gba. Ẹ wá dókítà.

Àwọn àmì kéékèèké mìíràn wà. Egbò lè yọ ní orí ìka, tí kò ní tètè jinná nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó níbẹ̀. Bí ó bá jinná, yóò fi ihò kékeré sílẹ̀ bí ibi tí a fi abẹ́rẹ́ gún. Nǹkan líle bí òkúta wẹ́wẹ́ lè wà lábẹ́ awọ ìka tàbí ìgbọ̀nwọ́, kí ó sì tú jáde bí ẹfun. Àmì pupa tín-ín-tìn-tín lè wà ní ètè, ní ojú àti ní àtẹ́lẹwọ́. Ní ìdí èékánná pẹ̀lú, bí dókítà bá kán epo sí i tí ó sì fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, yóò rí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú kọjá ààlà, àti ibi tí wọ́n ti tán pátápátá.

Ọmọ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn yìí. Oríṣi kan wà tí kì í kọjá ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún, yàtọ̀ sí ojú. Òtútù lè máa ṣe ẹni náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí awọ tó le. Oríṣi kejì a máa gun apá òkè, itan, àyà àti ikùn, a sì máa yára. Nígbà mìíràn kò tó ọdún kan láti ọjọ́ tí òtútù bẹ̀rẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ó ń tètè kan kíndìnrín. Ohun ìyanu kan ni pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ awọ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ fúnra rẹ̀. Inú ẹni náà yóò dùn, yóò rò pé ó ti tán, nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró ṣì ń bá a jà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Ká ní ìyá kan wà tí ń ta ẹja yìnyín. Ojoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń wọ inú yìnyín, ìka rẹ̀ sì ń funfun. Ó wú, ó le, egbò yọ sí i. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń yà fún un. Ẹnì kan ní ẹ̀tẹ̀ ni, ẹnì kan ní wọ́n ta á lọ́fà. Wọ́n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ilé. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí ìka, ojú gbẹ́rẹ́ náà sì di egbò tuntun. Gbogbo owó ẹja tán. Ọjọ́ tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há fún un ni wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ẹ̀tẹ̀: méjèèjì ni ó ń yí àwọ̀ ara padà, méjèèjì ni ó ń tẹ ìka. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ojú ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá dé, ó sábà máa ń kú. Bí a bá fi òwú kàn án, ẹni náà kò ní mọ̀. Awọ líle yìí kò kú. Ó ń gbọ́ ìrora dáadáa, àní ìrora rẹ̀ pọ̀. Awọ ẹlẹ́tẹ̀ sì ṣeé ká jọ, ti èyí kò ṣeé ká jọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àrùn awọ líle kì í ràn. A lè bá ẹni náà jẹun nínú àwo kan, a lè sùn lórí ibùsùn kan, kò ní ràn wá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀tẹ̀ náà ni, oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni láti ọdún 1995. Kò yẹ kí a lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn odi nítorí rẹ̀.

Kí ni oníṣègùn lè ṣe? N kò ní parọ́ fún yín: kò tíì sí oògùn tí ń fa àìsàn yìí tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ṣùgbọ́n àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Oògùn wà tí ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, irú nifedipine, tí ń dín ìyà òtútù kù tí ó sì ń ran egbò lọ́wọ́. Oògùn wà tí ń pàrọwà fún àwọn ọmọ ogun ara kí wọ́n má ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Oògùn wà fún ọ̀fun tí oúnjẹ ń há sí àti àyà tí ń ta. Ti kíndìnrín ni ó yani lẹ́nu jù. Nígbà àtijọ́, bí àìsàn yìí bá ti kọlu kíndìnrín, díẹ̀ ni ó ń yè é. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo captopril, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti bọ́ lọ́wọ́ ikú láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ bí a kò bá tètè lò ó. Nítorí náà, ẹni tí awọ rẹ̀ ń le gbọ́dọ̀ máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ déédéé. Bí ó bá ga sókè lójijì, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ gidigidi. Oògùn kan tí ń jẹ́ prednisolone wọ́pọ̀ ní ilé kẹ́míìsì wa. Bí ara bá ń yún ènìyàn tàbí tí oríkèé ń ro ó, wọn a kàn fún un. Fún ẹni tí ó ní àrùn awọ líle, bí ó bá lò ó ní ìwọ̀n púpọ̀, ó lè ti kíndìnrín rẹ̀ sínú ewu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wí yìí. Dókítà nìkan ni ó lè sọ bóyá kí ó lò ó àti iye tí yóò lò. Ẹni tí dókítà ti ń fún ní in tẹ́lẹ̀, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó lọ bèèrè.

Iṣẹ́ wà tí a lè ṣe nílé pẹ̀lú. Kí ẹni náà má ṣe jẹ́ kí òtútù mú gbogbo ara, kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kí ẹlòmíràn máa bá a mú nǹkan nínú fíríìjì. Kí ó fi òrí tàbí Vaseline pa awọ rẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ó má gbẹ. Kí ó máa na ìka, kí ó máa la ẹnu gbàgà, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí wọ́n má bàa gan mọ́ ojú kan. Kí ó jìnnà sí sìgá àti aáṣáà, nítorí pé wọ́n ń há iṣan ẹ̀jẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi abẹ kan ìka náà.

Kí ẹ má bàa rò pé ẹni tí àìsàn yìí bá mú ti di aláìwúlò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Paul Klee, ayàwòrán ńlá tí ó gbé ní ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland. Ọdún 1935 ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nígbà ayé rẹ̀, wọn kò pe orúkọ àìsàn náà fún un. Àwọn dókítà tí ó wo àwòrán ojú rẹ̀ tí wọ́n sì ka lẹ́tà rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sọ pé scleroderma ni. Awọ ojú rẹ̀ nà, oúnjẹ líle kò gba ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1939 nìkan, iṣẹ́ tí ó yà lé ní 1,200, ó ju ti ọdún èyíkéyìí lọ láyé rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1940. Ní tirẹ̀, kò sí captopril, kò sí oògùn ẹ̀dọ̀fóró. Àwa ní wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ìka ìyá yín, tàbí ti ìyàwó yín, tàbí ti ọmọ yín bá ń funfun nínú òtútù, tí ó sì ń wú tàbí tí ó ń le, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má ṣe yẹra fún un. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú UCH ní Ìbàdàn tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, kí ẹ bèèrè dókítà tí ń tọ́jú oríkèé tàbí ti awọ ara. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ èémí rẹ̀ wò. Ẹ bá a dé ibẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í, nítorí ọwọ́ tí kò lè di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ń fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn tí yóò dì í mú.

Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà. Ó dìgbà kan ná o.